Ta Ni Ẹni Kẹta Nínú Ilé Wa?

Abúlé Ìdígbò,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kẹwàá, 1991.

Àdúràọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìfaradà ariwo. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé omi ò wọ yàrá rẹ mọ́ ní Àmùkòkò bí òjò bá rọ̀? Oghogho tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tìrẹ, ṣé ó ti bímọ, kí ló sì bí? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àwọn tírélà Àpápá fi ọ́ ṣe títì kò ní dẹ́kun àti máa ṣọ́ ọ. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ lọ sí Warehouse Road, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà wálé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì àti bàtà méjèèjì. O ò ní fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó oṣù kí o fi ọwọ́ òsì gbé e fún dókítà. Àmín.

Nílé níbí, kò síyọnu. Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ funfun yẹn ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa lọ́dún yìí. Bàbá rẹ wà, àyàfi orúnkún wọn kan tó bó, màá sọ bó ṣe bó fún ọ tí mo bá dé ibẹ̀, má jẹ́ kí àyà rẹ já, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bínú sí ọbẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara wọn yá.

O ó ti máa wò ó pé ọwọ́ ta nìyí, nítorí kò jọ ọwọ́ akọ̀wé ìjọ tó máa ń bá bàbá rẹ kọ lẹ́tà. Ọwọ́ mi ni. Èmi Rekiat, ìyá rẹ, ni mo jókòó tí mo ń kọ ọ́, pẹ́ńsù ni mo sì fi ń kọ ọ́ kí n lè rí i pa rẹ́, ibi tí o bá ti rí i tí ìwé lu, má rò pé eku ló jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe jù. Ìjọba ló gbé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dé abúlé wa. Tí àwọn ọmọdé bá ti ṣíwọ́ nílé-ẹ̀kọ́, àwa àgbà á wọlé, a ó ká ẹsẹ̀ wa sábẹ́ àga kéékèèké wọn bí ẹrù tí a fẹ́ dì sínú àpò. Tíṣà wa ń jẹ́ Ẹ̀ríolúwa. Ọmọdé ni, ìwọ gan-an á jù ú lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè wúkọ́.

Ní ọjọ́ kan ó kọ mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n sára pátákó. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ń dúró fún orúkọ ènìyàn. Ó ní ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Mo nawọ́ kíá nítorí mo mọ̀ ọ́n, mo ní Baálẹ̀ ni ẹni kìíní. Ó ní rárá. Mo ní ṣé nítorí pé Baálẹ̀ kò wá sí kíláàsì ni. Ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹni kìíní, bí Baálẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ni, bí èmi bá ń sọ̀rọ̀, èmi ni. Mo ní èmi Rekiat? Ó ní ẹ̀yin ni, mà. Àdúràọlá, mo ní kó tún un sọ. Ìyá mi ni ìyàwó tó kéré jù nílé bàbá mi, èmi ni mo sì kéré jù nínú àwọn ọmọ wọn, mi ò jẹ́ ẹni kìíní rí, àfi tí iṣẹ́ bá délẹ̀ tí a ń wá ẹni tó máa ṣe é.

Ayọ̀ ni mo bá délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ìjọba ti fi mí ṣe ẹni kìíní. Wọ́n ní àwọn wá ńkọ́. Mo ní ẹni kejì ni wọ́n, tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú bí mo ṣe ń bá wọn sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lọ sóko tí mo wá ń sọ̀rọ̀ wọn, wọ́n di ẹni kẹta. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n ní ta wá ni ẹni kejì nígbà tí àwọn bá wà lóko. Mo ní ẹni tí mo bá ń bá sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní ta ni ẹni náà. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà wà níbẹ̀. Ọmọ mi, bàbá rẹ kò lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó máa wá bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọn kò rí ẹnì kankan, wọ́n wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ tíṣà. Wọ́n ní àwọn ló kọ́ ilé yìí, àwọn ló kan páànù rẹ̀, kò sí ìjọba tó lè fi àwọn ṣe ẹni kẹta nínú rẹ̀. Tíṣà Ẹ̀ríolúwa dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní bàbá, nígbàkigbà tí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ni ẹni kìíní. Inú wọ́n dùn padà wálé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọn kì í ti í dákẹ́ mọ́. Bí mo bá fẹ́ lanu báyìí, wọ́n ti gbà á. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n á máa ka orúkọ igi inú oko.

Jẹ́ kí n tẹ̀síwájú, torí ibi tí mò ń lọ ṣì wà níwájú. Tíṣà wá ní kí oníkálukú kọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo kọ tèmi, mo kọ ọ́ báyìí pé, Mo lọ sódò, o gbé ìkòkò sórí, wọ́n sì ṣubú. Ó kà á, ó tún un kà, ó bi mí pé àwa mélòó la lọ sódò. Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní ta ló wá gbé ìkòkò sórí. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ló ṣubú. Gbogbo kíláàsì kọjú sí mi. Mo ní èmi náà ni, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fi mí rẹ́rìn-ín o. Ó ní ẹni tó bá fi mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó fi mo parí rẹ̀, kó má ṣe fi mo jáde nílé, kó di o lójú ọ̀nà, kó wá di wọ́n nígbà tó bá dé odò, torí ẹni tó ń kà á kò ní mọ ẹni tó yẹ kí òun kí kú ìpalára. Ó ní tí mo bá ṣubú, kí n jẹ́ kó hàn pé èmi ni mo ṣubú.

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi délé, ó bá mi sùn, ó bá mi jí. Mo wá ń ṣọ́ ẹnu àwọn ènìyàn abúlé wa. Tí ọbẹ̀ bá dùn, mo sè é. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n da iyọ̀ sí i. Àwa tó pọ̀ ló ń ṣe é.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí lẹ́tà tí bàbá rẹ ní kí akọ̀wé ìjọ kọ sí ọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbọ́ tí bàbá rẹ ń sọ ọ́ tí akọ̀wé ń kọ ọ́ pé, A ti rí ọkùnrin tí o mú wá, a kò fẹ́ ẹ, a kò sì fẹ́ rí i mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà nìyẹn, bí ẹni tó ń wọ agbádá lọ sóde. Àfìgbà tí mo dé kíláàsì tí tíṣà ní a ni èmi àti ẹlòmíràn pọ̀. Àwa méjì péré ló wà nínú ilé yìí. Èmi ni ẹlòmíràn yẹn! Mo ti bá wọn kọ ọkọ ọmọ mi láìmọ̀, ọwọ́ mi sì wà nínú ẹ̀gúsí. Mo wá mọ ìdí tí o kò fi kọ lẹ́tà sí wa láti ìgbà náà, tó jẹ́ pé owó nìkan lò ń fi rán awakọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bi bàbá rẹ pé ta ni a inú lẹ́tà ọjọ́sí. Wọ́n ní àwọn ni. Mo ní àwọn mélòó. Wọ́n ní àwọn! Mo ní tó bá jẹ́ àwọn nìkan, kí ló dé tí kò fi jẹ́ mo. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í jókòó kó máa sọ mo, mo, mo bí ọmọdé tó ń tọrọ àkàrà. Mo ní mi ò sí nínú a yẹn, kí wọ́n yọ mí kúrò. Wọ́n ní tí èmi kò bá sí níbẹ̀, àwọn àti àwọn bàbá àwọn tó ti kú ló wà níbẹ̀. Mo ní àwọn bàbá yẹn ò pàdé ọmọ náà rí, ìgbà wo ni wọ́n ráyè kọ̀ ọ́. Wọ́n jáde lọ wo ẹ̀gẹ́.

Èmi ò kọ Ebikabowei rí o, Àdúràọlá. Ọkùnrin tó jẹun mi tán tó sì fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa kọ̀ ọ́? Èmi àti ìwọ mọ ohun tó bí bàbá rẹ nínú. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dùn wọ́n, wọ́n gbọ́ Ebi níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kò dúró gbọ́ ìyókù, wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ ebi. Ọmọ náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí o ṣe kọ́ ọ, ó dára, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni ó bá ya ẹnu, ó ní bàbá, o káàárọ̀, ṣé o sùn dáadáa. O! Sí bàbá rẹ! Mo rí ibi tí o ti já a ní èékánná ní ẹ̀gbẹ́. Ó rò pé kò dún tó ni, ó tún un sọ sókè.

Ṣùgbọ́n mo ti dé Àmùkòkò, bàbá rẹ kò débẹ̀ rí. Nígbà tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, mo máa ń wo Uzoamaka àti Tega àti àwọn ọmọ onílé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Kálukú àti èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń jà. O gbá a sí mi, o ṣe màgòmágó, o ò gbá a mọ́. Tí àgbà kan bá kọjá, kíá, wọ́n ti bọ́ sí pijin, wọ́n á ní Mama, how you dey. Àti ọlọ́jọ́ orí àti ọmọ ọwọ́, you kan náà ni. Ibẹ̀ ni Ebikabowei náà dàgbà sí. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìlú etí omi, ojú bọ́ọ̀lù ló ti kọ́ Yorùbá, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbo ni yóò ti rí ẹ? Kò sí àgbà níbẹ̀ tó lè fún un. Kì í ṣe pé ó tàbùkù bàbá rẹ. Bí èmi tí mo lọ sódò ni òun náà ṣe ṣi ọ̀rọ̀ kékeré mú.

Mo wá ní mi ò lè dúró de ìgbà tí màá mọ ìwé kọ tán. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ bá mi pe ọ́fíìsì yín, kí n sọ fún ọ pé mi ò sí nínú a. Obìnrin kan gbé e, ó dà bí ìyẹn Ngozi tí o máa ń sọ pé òun ló ń jókòó ti fóònù. Ó ní ta ni. Mo ní èmi ni. Ó ní èmi ta. Mo ní èmi, ẹni kìíní, ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ta ni mo ń wá. Mo ní ọmọ mi. Ó ní ọmọ ta. Mo ní ọmọ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé o ò gbọ́ ohùn mi ni. Ó ní kí n má bínú, ó gbé e sílẹ̀, owó mi sì ti tán. Bá mi kí i, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ yẹn ni kò mọ ẹni kìíní. Ẹni kẹta nìkan ló mọ̀, àfi kí ènìyàn máa pe orúkọ.

Bí mo ṣe ra ìwé àti pẹ́ńsù nìyẹn. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ti kọ orúkọ rẹ tán, mò ń wò ó bóyá ó dọ́gba, ni mo gbọ́ ọkọ̀ agbégẹdú. O mọ̀ pé àwọn agégẹdú ń gé igi lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọkọ̀ ńlá ló máa ń wá kó o lọ sí Àpápá. Ta ni mo rí tó bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá? Ebikabowei! Ó ní ibi ìkẹ́rùsí tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ni ọkọ̀ náà ń já gẹdú sí, òun gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ pé abúlé wa ló ń lọ, òun sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun. Ó ní òun kò sọ fún ọ, torí o ti ní kí òun má ṣe dé ọ̀dọ̀ wa mọ́, o sì ti ń sunkún jù. Má bá a jà o. Èmi ni mo ní kí o má bá a jà.

Ọmọ náà ti kọ́ ẹ wá! Ó ní ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu geètì wọn ló la òun lóye, ó ní kí òun máa fi ẹ síwájú ohun gbogbo, òun kò ní ṣìnà. Ó sì ń fi í síwájú ohun gbogbo lóòótọ́. Ó kí mi, ẹ kúrọ̀lẹ́ mà, mo ní ó káre. Ajá wa gbó mọ́ ọn, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé mi jẹ. Ewúrẹ́ ń jẹ okùn bàtà rẹ̀, ó ní ẹ má bínú, bàtà mi nìyẹn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bi í bóyá ó sùn dáadáa, ó ní òun sùn, àkùkọ wa ló jí òun, wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn sì dùn. Mo ní àkùkọ mélòó. Ó ní ẹyọ kan. Mo fi ìdí jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi.

Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ìgbọ̀nwọ́ á máa kan ìgbọ̀nwọ́, bàbá rẹ á wá yíjú sí mi, wọ́n á ní kí n bi í bóyá ó ti jẹun. Màá bi í. Á ní ẹ sọ fún bàbá pé mo ti jẹun, ẹ ṣé. Màá sọ fún wọn. Wọ́n á ní kí n bi í pé ìgbà wo ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ. Á ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, àfi tí ilẹ̀ bá gbẹ. Wọ́n á ní kí n sọ fún un pé àwọn gbọ́. Mo wo ojú ọmọ náà, mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ tíṣà nìyí. Ẹni kẹta ni bàbá rẹ fi í ṣe, ó sì wà níbẹ̀. Kò burú kí ènìyàn sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n kó máa sọ ọ́ níwájú wa bí ẹni pé a ti lọ, ó ń dunni. Kò ráhùn. Ó ń bá mi la igi. Tí bàbá rẹ bá wọlé, á dìde fún wọn, á sì tún jókòó tí wọ́n bá jókòó.

Ilẹ̀ wá gbẹ, àwọn agégẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa gẹdú gorí ọkọ̀. O mọ bàbá rẹ, wọn kò lè rí ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má lọ pàṣẹ níbẹ̀. Wọ́n mú agboòrùn wọn, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, wọ́n ń ní fà á, dá a dúró, fà á. Mo pè wọ́n pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ní awakọ̀ ń rí àwọn, nítorí àwọn ń rí ara àwọn nínú dígí ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ tún fìlà wọn ṣe nínú rẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n ń sọ yìí, ó wà lábẹ́ igi, ó ń jẹ ọsàn.

Ni wáyà bá já. Gẹdú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè yí padà, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ebikabowei wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo, ó ní, Sá!

Kò ní ẹ sá, Àdúràọlá. Sá ló sọ. Bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́.

Bàbá rẹ fò. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ẹ̀rù ló gbé àwọn fò, ìbínú ni. Wọn kò tíì rí gẹdú náà rárá. Wọ́n gbọ́ ẹni tó ń sọ sá sí àwọn láàárín èrò, wọ́n sì fò síwájú láti lọ fọ́ ọ létí. Bí wọ́n ṣe fò yẹn ni gẹdú gba ibi tí wọ́n ti kúrò kọjá. Wọ́n dojú bolẹ̀, ibẹ̀ ni orúnkún ti bó. Agboòrùn tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwọ náà á rí i tí o bá wálé, ó pẹlẹbẹ bí ìwé tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ebikabowei sáré dé, ó sì na gbọọrọ sínú ẹrẹ̀. Ó ní ẹ dárí jì mí sà, mi ò rí ẹ náà sọ, ó pẹ́ kó tó dé ẹnu mi. Ó ń sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn ní Àpápá, tí ẹrù bá já, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ké, kì í ṣe àfojúdi. Bàbá rẹ rọra dìde. Wọ́n wo agboòrùn. Wọ́n wo gẹdú. Wọ́n tún wo agboòrùn. Èmi ti sáré débẹ̀, mo ti ń retí kí wọ́n yíjú sí mi, kí wọ́n ní kí n bi í ní nǹkan. Wọn kò yíjú sí mi. Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ní, Ìwọ, dìde ńlẹ̀. Ṣé o fara pa?

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan nílé ọkọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé o kékeré yẹn lè dùn tó bẹ́ẹ̀ létí. Mo fi ìborùn bojú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi kò ní iṣẹ́ kankan láàárín wọn mọ́. Bàbá rẹ ní tó bá jẹ́ pé ó ti dúró wá ẹ, ìsìnkú àwọn là bá máa sọ. Wọ́n ní kó máa pe àwọn ní ẹ nígbà tí ara bá rọ̀, ṣùgbọ́n tí gẹdú bá ń bọ̀, kó pe àwọn bó bá ṣe rọrùn fún un. Wọ́n ní kó pe orúkọ rẹ̀ kí àwọn gbọ́ ọ dópin. Ó pè é. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ títí, ó ń há wọn lẹ́nu. Wọ́n wá ké sí mi, wọ́n ní Rekiat, ìwọ tó o mọ̀wé, tí ènìyàn bá fi àmì sábẹ́ Ebi, kí ló ń dà. Mo ní ó ń di Ẹbí. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé a gbà. Mo gbé pẹ́ńsù dání, mi ò kọ ọ́. Mo ní a ta. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, Ìwọ ńkọ́, ṣé ìwọ gbà? Mo ní mo ti gbà láti ọdún Àjíǹde. Nítorí náà, mo ń kọ ọ́ báyìí pẹ̀lú ọkàn mi gbogbo, lẹ́yìn tí a ti bi mí: A gbà, Àdúràọlá. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá yan ọjọ́, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kí wa, kí wọ́n má dààmú nípa bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀, tíṣà ti ní òun máa dúró tì wọ́n.

Ní ti ohun tí mo fẹ́ kí o bá wa ṣe, kò pọ̀. Bàbá rẹ fẹ́ agboòrùn, dúdú ni kó jẹ́, èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹni tí gẹdú kò pa kò yẹ kó máa fi ọwọ́ ṣí agboòrùn. Èmi fẹ́ owó dígí ojú, torí ó àti o ti ń jọ ara wọn lójú mi, bàbá rẹ sì ń sọ pé èmi ni mi ò gbọ́ ìwé. Tí nǹkan bá kù, fi ra karosíìnì ránṣẹ́, tí kò bá kù, má yá owó o. Mo fi ẹ̀lùbọ́ rán Ebikabowei, àti gaàrí, àti ata gígún, ti Oghogho wà nínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kó fi mu omi ọbẹ̀ gbígbóná tó bá ti bímọ. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Bàbá rẹ wà níta, wọ́n ń bá awakọ̀ jà pé ọmọ àwọn kò ní jókòó sórí gẹdú, iwájú ni kó gbé e sí.

Ọlọ́run yóò tún ilé yín ṣe. Yóò fún ọ ní ọkọ tó ń gbọ́ ohùn rẹ, yóò fún un ní ìyàwó tó ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ yín yóò fi ẹsẹ̀ wọn rìn wá síbí, wọn yóò bá mi nílé. Ẹ̀mí wa yóò jọ gùn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́tà tí o máa fi dá mi lóhùn, má kọ orúkọ bàbá rẹ sẹ́yìn rẹ̀ bí o ti máa ń ṣe. Wọ́n ti ní tiwọn tó pọ̀ nínú àpótí. Orúkọ mi ni kó o kọ síbẹ̀, kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó bá mú un wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́ lè dúró lójúde, kó máa pè é sókè.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Rekiat Ọdẹ́yẹmí.